Ìyá Onímú àti Àgbá Mẹ́jọ

Ìyá Onímú gbé gíláàsì sí imú, ó mí sínú, kò gbọ́ òórùn kankan. Kò gbọ́ àgbàdo, kò gbọ́ igi, kò gbọ́ èédú. Ó tún mí sínú lẹ́ẹ̀kejì, bíi pé imú kan náà tó já a kulẹ̀ lánàá máa ṣàánú rẹ̀ lónìí. Òfo ni. Ó rọra gbé e kan ẹnu, ọtí náà ta á lórí ahọ́n, ó gbóná lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbóná lọ sí ọ̀fun. Gbogbo ohun tó rí gbà nìyẹn nínú ọtí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú: iná lásán. Ó tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wá ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ro ohun ìjìnlẹ̀.

Irọ́ ni o. Kò ro ohun ìjìnlẹ̀ kankan. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́ fún yín, kí ẹ lè mọ bí wàhálà tó wà nílẹ̀ ṣe tóbi tó. Wisikí àgbàdo ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́bọ̀nù, bí àwọn ará àtijọ́ sì ṣe ń ṣe é gan-an ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á sè é títí oru rẹ̀ á fi di ọtí, wọ́n á wá rọ ọ́ sínú àgbá onígi tuntun tí wọ́n ti fi iná sun inú rẹ̀ títí ó fi di èédú. Ibẹ̀ ló máa wà lọ́dún mọ́dún. Bí ooru bá mú, á wọ inú igi lọ. Bí òtútù bá dé, á tún jáde. Nígbà tí wọ́n bá máa fi ṣí i, ó ti pọ́n, ó ti dùn, ó sì ti le débi pé bí ẹ bá ṣáná sí i, á gbiná. Àwọn mìíràn máa ń fi omi là á kó lè rọ̀ lọ́fun. Níbí, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ omi. Bó ṣe ti inú àgbá jáde ló ṣe ń wọ ìgò.

Irú ọtí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá máa sọ pé ó ti tó gbọ́dọ̀ ní imú. Ìyá Onímú sì ní imú nígbà kan, háà, ẹ ò lè mọ̀! Àgbá ló ń fọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé iṣẹ́ náà, ọmọge ni nígbà yẹn. Ọjọ́ kan ni bàbá tó ni ilé iṣẹ́ bá a níbi tó ti ki orí bọnú àgbá òfìfo dé èjìká. Bàbá rò pé ó fẹ́ jí ọtí tó ṣẹ́kù mu ni. Ó kígbe mọ́ ọn, "Kí lò ń wá níbẹ̀?" Ọmọbìnrin náà yọ orí jáde, èédú kùn ún lójú, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá, mi ò wá nǹkan kan. Ó ń dùn mọ́ mi nímú ni." Bàbá ní kó sọ ohun tó dùn mọ́ ọn nímú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, bàbá jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, ó ń gbọ́. Kò fọ àgbá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nílé ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù. Láti ẹnu ọ̀nà ni obìnrin yìí ti máa mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ti ń bọ̀ tàbí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Àwọn ọmọ wọn kì í tilẹ̀ dán irọ́ wò. Ẹ̀gbọ́n á kìlọ̀ fún àbúrò pé, "Má jẹ ẹ́ o, màmá máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ." Orúkọ tí wọ́n wá ń pè é níbi iṣẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, àní ọkọ rẹ̀ gan-an ń fi pè é tí inú bá dùn sí i.

Ọ̀fìnkìn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀fìnkìn yẹpẹrẹ, èyí tí gbogbo èèyàn ń ṣe nígbà òjò. Ó ṣe é, ó lọ, ó sì gbé imú Ìyá Onímú lọ. Kò tètè mọ̀. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ sáré wọlé láti ìta gbangba.

"Ìyá àwọn ọmọ! Kí ló dé? Ṣé o ò gbọ́ òórùn ni?"

Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ti jó lu, èéfín ń rú lára rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe wà yẹn.

Dókítà ní ó lè padà, ó lè má padà. Ọkọ rẹ̀ ní kó lọ sọ fún wọn níbi iṣẹ́. Ìyá Onímú pòṣé. "Kí n lọ sọ pé kí ni? Pé Ìyá Onímú ò nímú mọ́? Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi mí ṣe? Ṣé kí n padà lọ máa fọ àgbá ni?" Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?" Ó ní wọn ò ní mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tán láàárín wọn, wọ́n kàn ń fò ó kọjá lójoojúmọ́ ni.

Bó ṣe rí i fi pamọ́ kò ṣòro. Olóògbé bàbá ti fi òfin méjì lélẹ̀ ní yàrá ìtọ́wò kó tó kú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ yí wọn padà. Òfin kìíní: ẹni tó kéré ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àgbà ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bàbá ní bí àgbà bá ti lanu ṣáájú, ẹni tó kéré á kàn máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ni. Òfin kejì: àgbà ni yóò bu ọtí náà, á kẹ̀yìn sí ìkejì rẹ̀ bù ú, kí ẹni yẹn má bàa mọ inú àgbá tó ti wá. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹni tí imú rẹ̀ kú, tó sì jẹ́ pé òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kí ló tún ń wá? Á jẹ́ kí ìkejì sọ tirẹ̀, á wá fi ohùn àgbà tún un sọ, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó parí.

Ìkejì yìí kì í ṣe ọmọdé o. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ọkùnrin tó ti ní ìyàwó àti ọmọ. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Ìyá Onímú ń pè é. Nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wọlé, ọkùnrin náà tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ló bá fún un lórúkọ. Báyìí, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá, àmọ́ orúkọ ò ṣe é gbà padà. Ìyá Onímú ló mú un wá síbi iṣẹ́. Nílé, ọkọ ló jẹ́ fún un nítorí ó bá a nílé. Níbi iṣẹ́, òun ni ọ̀gá rẹ̀, ó sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Kí ìjà má bàa wà, àwọn méjèèjì ń pọ́n ara wọn lé, ẹ lọ́tùn-ún, ẹ lósì. Àwọn tó bá gbọ́ wọn máa ń rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kò sí ẹ̀rín. Àgbá mẹ́jọ tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ rọ kẹ́yìn ló wà nílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ti ń ṣe ọ̀gá láti ìgbà tó ti kú, ó sì ti pinnu pé àwọn máa tú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ sínú táńkì ńlá kan, wọ́n á sì kọ orúkọ bàbá sára ìgò. Àwọn òṣìṣẹ́ ti yí àgbá sẹ́nu táńkì, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti yàrá ìtọ́wò. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ nínú mẹ́jọ, tí wọ́n sì tú u mọ́ ìyókù, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bàbá ò sí láyé mọ́ láti rọ òmíràn.

Yàrá náà kéré: tábìlì kan, fèrèsé kan, ògiri tí wọ́n kùn ní funfun kí àwọ̀ ọtí lè hàn, àti pẹpẹ tí ìgò kéékèèké mẹ́jọ tò sí, ọ̀kan láti inú àgbá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí nídìí. Ìyá Onímú kẹ̀yìn, ó bu ti àkọ́kọ́, ó gbé e kalẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò.

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Èyí dáa. Ó dùn wọlé, ó sì pẹ́ lẹ́nu."

Ìyá Onímú ní, "Ó pẹ́ lẹ́nu lóòótọ́. Igi rẹ̀ ò sì pọ̀ jù."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Ìkejì dáa. Ìkẹta, Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ó dáa gan-an ni. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún kò níjà. Ìyá Onímú bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ku díẹ̀, pé bó bá ti bọ́ nínú ti òní, òun á tún lọ rí dókítà mìíràn.

Ó bu ìkẹfà. Bó ṣe gbé e sí imú báyìí ni orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ta á. Orúnkún yìí ti ń dà á láàmú tipẹ́. Bó bá ta á, á dà bíi kí ó ké. Ó fa ojú ro, ó sì pa á mọ́ra.

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé gíláàsì tirẹ̀ kalẹ̀. "Hẹn-ẹn. Èyí ní nǹkan kan lára o. Ó korò lẹ́yìn. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá."

Ìyá Onímú fẹ́ lanu kó sọ pé ó korò lóòótọ́. Ó ti lanu tán. Ló bá rí gíláàsì Opẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọtí inú rẹ̀ kò dín. Kò tíì kan ẹnu rẹ̀ rárá! Ojú ọkùnrin náà kò sì sí lára gíláàsì. Ojú Ìyá Onímú ló ń wò, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ojú sánmọ̀ bóyá òjò máa rọ̀.

Ìyá Onímú kò fẹ́ gbà á gbọ́. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìkeje." Ó dìde, ó kẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sí pẹpẹ. Kò mú ìkeje. Ìgò kẹfà náà ló tún mú, ló bá bù ú sínú gíláàsì tuntun méjì. Ó gbé e wá sórí tábìlì, ó jókòó, ó gbé tirẹ̀ sí imú. Ó di ojú. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ bàtà fún.

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ fò dìde díẹ̀ lórí àga. "Á à! Ṣèbí ọtí nìyí! Ẹ wò ó, ìyàwó wa, oyin ni! Kò jọ ti ìṣáájú yẹn rárá."

Wọ́n ń gbọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níta tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́bàá táńkì.

"Àgbá kan náà ni," ni Ìyá Onímú wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìkẹfà ni mo tún bù. Èyí tí ẹ ní ó korò. Ìkan náà ni."

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ wo gíláàsì, ó wo pẹpẹ, ó wá ń fi ọwọ́ nu iwájú orí. Òógùn ti bò ó. "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé…"

"Láti ìgbà wo?" Ohùn Ìyá Onímú ti yí padà. "Ìwọ! Láti ìgbà wo ni o ti ń wo ojú mi?"

Kò pè é ní "ìwọ" rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ, ó sì wólẹ̀ lórí àga bí àpò tí ẹrù inú rẹ̀ dà. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí òun dé, òun sọ tinú òun, ó sì yàtọ̀ sí ti Ìyá Onímú, gbogbo ilé iṣẹ́ fi òun rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni òun ti ń kọ́ ojú rẹ̀. Bí ó bá ń dùn, ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń rọ̀. Bí kò bá dùn, ó máa ń fa ẹnu sí òsì. Ó ní, "Kí ni kí n wá máa fi imú tèmi ṣe nígbà tí tiyín wà níbẹ̀? Ṣé mo wá lè mọ̀ ọ́n jù yín lọ ni? Ojú yín ò tàsé rí!"

Ẹ wo ọ̀ràn! Obìnrin yìí ń dúró de ẹnu ọkùnrin, ọkùnrin ń dúró de ojú obìnrin, wọ́n sì ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òjò. Àgbá wo ni wọn ò tíì fọwọ́ sí láàárín ìgbà yẹn? Ta ló wá tọ́ ọtí wò nílé iṣẹ́ yìí? Kò sí. Orí Ìyá Onímú wú. Ó di etí tábìlì mú.

"Imú mi ti kú," ló wí jẹ́jẹ́.

"Háà."

"Láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnu yín ni mò ń gbọ́."

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ káwọ́ lérí. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀mí yín kí ó gùn. Bí a bá sọ ọ́ síta, àwa méjèèjì la máa lọ sílé. Kí ni màá sọ fún ìyàwó mi? Bóyá kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bàbá fúnra wọn ló rọ ọ́! Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó dáa, kí wọ́n máa tú u."

Kì í ṣe pé kò wù ú. Ó wù ú dé egungun. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré tó ti sọ láìmọye ìgbà: ó dáa. Bó bá sọ ọ́, òun ṣì ni Ìyá Onímú lọ́la. Bí kò bá sọ ọ́, kí ló kù fún un? Ọmọ ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé tó fi lè dúró láàárín àwọn èèyàn kí wọ́n sì dákẹ́ fún un.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá wọlé, ó ti wọ bàtà rọ́bà, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá, àwọn èèyàn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè níta. Ṣé kí wọ́n máa tú u?"

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ilẹ̀. Ìyá Onímú wo ọ̀gá. Ìpéǹpéjú bàbá ló wà lójú ọmọbìnrin náà, ó ń dúró, ó gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá.

"Kí wọ́n má tíì tú u," ló wí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Ó sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni dídán ojú ọ̀gá ń kú. Nígbà tó parí, ọ̀gá kò kígbe. Ìbá sàn kó kígbe.

"Láti ìgbà òjò," ni ọ̀gá wí. "Gbogbo èyí tí a ti tú láti ìgbà òjò, ṣé ó dáa tàbí kò dáa?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀, ọ̀gá." Kò tíì sọ gbólóhùn yẹn nínú yàrá náà rí. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

Ọ̀gá yíjú sí Opẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin náà ò nímú?"

"Mo ní, ọ̀gá. Mo ní in. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti lò ó."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn létí. Ó ní òun máa sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n yí àgbá padà sínú sítọ́ọ̀, òun á wá àwọn tó mọ ọtí tọ́ wò níbòmíràn. Ó ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí Ìyá Onímú sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi yìí tọ́ ọ wò. Kí wọ́n kọjú sí ògiri. Ẹ̀yin ni kí ẹ bù ú, ọ̀gá, kí ẹ má sì bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá rójú ẹnikẹ́ni, wọ́n á lo imú."

Ọ̀gá fa àga kan sí ìdí ògiri funfun, ó ní kí Opẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó. Ọkùnrin ńlá náà jókòó bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ọ̀gá da àwọn ìgò náà rú lórí tábìlì kó má bàa mọ èyí tó kàn, ó bu ọ̀kan, ó nà án sí i láti ẹ̀yìn.

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó wúkọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó… mi ò… ó le ni."

"Ṣé ohun tí ẹ lè sọ nìyẹn?" ni ọ̀gá wí.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Ìyá Onímú wí. "Ọkọ mi, ẹ ṣí ẹnu díẹ̀ bí ẹ bá ń mí sínú, kó má bàa jó yín nímú. Ẹ má sáré. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ iná, ẹ ní sùúrù fún iná."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú, ó tún gbé e sí imú. "Ó dáa," ló wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ó dà bíi… ó dáa." Ọ̀gá nà án òmíràn, ó tún nà án òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni èjìká ọkùnrin náà ń wálẹ̀. Ó ń sọ pé èyí gbẹ, ìyẹn dùn níwájú ju ẹ̀yìn lọ. Ìyá Onímú jókòó níbi tábìlì, kò lè sọ bóyá òótọ́ ni tàbí àròsọ. Ó dà bí ẹni tó ń gbọ́ èdè tó ti gbàgbé.

Ní ìgò kan báyìí, Opẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé gíláàsì sí imú, ó sì gbé e kúrò kíá.

"Kí ni?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un gbọ́." Ó gbọ́ ọ. "Àkísà."

"Àkísà?"

"Àkísà tútù. Èyí tí wọ́n ká sí abẹ́ kọ̀bọ́ọ̀dù tí kò rí oòrùn. Ó ti bu."

Ọ̀gá yí ìdí ìgò náà wò. Ìkẹta ni, èyí tí Opẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ ní ó dáa gan-an láàárọ̀. Ó bu díẹ̀ fún ara rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fa ojú ro. "Mi ò gbọ́ àkísà kankan o. Ọtí ni mò ń gbọ́. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ohun tó ti ń ba Opẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́rù láti ìgbà tó ti dé ilé iṣẹ́ náà ló dé yìí: kó sọ tirẹ̀, kí ẹnìkan sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbàgbé ògiri. Ó yí ọrùn padà, ó ń wá ojú Ìyá Onímú.

Ìyá Onímú rí i tó ń yí bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn pinpin.

Láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ́ àga tó kígbe bí ọkùnrin náà ṣe yí padà sí ògiri. Ó gbọ́ èémí rẹ̀, ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé.

"Àkísà ni," ni Opẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi, ọ̀gá. Àkísà ni."

Wọ́n jáde lọ sídìí àgbá kẹta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gá ní kí wọ́n yọ ìdérí igi tó dí ojú rẹ̀. Ó le, wọ́n fi òòlù gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi tú. Ìdérí náà ti kéré ju ojú àgbá lọ, ẹnìkan sì ti fi aṣọ wé e kó lè há. Aṣọ náà ti dúdú, ó ti hu irun. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ gbé e sí imú, ó sọ ọ́ nù, ó ní, "Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n yí àgbá kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sí ìdí ògiri, ó parí èyí tó kù, kò sì tún rí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgbá méje sínú táńkì, ọ̀gá pe Ìyá Onímú sẹ́yìn.

"Bàbá mi ò ní lé yín ká ní wọ́n wà," ló wí. "Èmi náà ò ní lé yín. Ẹ lè máa kọ́ ìkejì yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní sọ̀rọ̀ lórí ọtí mọ́ níbí, màmá. Àwọn ni wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn láti òní. A sì máa tún gbogbo èyí tí ẹ fọwọ́ sí láti ìgbà òjò tọ́ wò, ìgò kọ̀ọ̀kan."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Onímú wí. Kò sunkún níwájú rẹ̀.

Ó padà sí yàrá ìtọ́wò láti lọ mú báàgì rẹ̀. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wà níbẹ̀, ó ń kó gíláàsì jọ. Kò lè wò ó lójú. "Ìyàwó wa," ló wí, "ẹ má bínú." Ìyá Onímú ní inú kò bí òun, irọ́ sì ni. Inú ń bí i sí i, inú ń bí i sí ara rẹ̀, inú ń bí i sí imú tó wà lójú rẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó.

"Ẹ bu ìkẹfà wá," ló wí. "Fún èmi àti ẹ̀yin."

Ó bù ú. Ìyá Onímú fi ẹnu kan tirẹ̀, kò sì tu ú. Ó gbé e mì. Iná ni, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí àyà rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ló bèèrè. "Ẹ sọ fún mi. Ẹ má wo ojú mi."

Opẹ́lẹ́ńgẹ́ wo fèrèsé. Ó mí sínú, ó ya ẹnu díẹ̀ bó ṣe kọ́ ọ. Ó mu, ó gbé e mì, ó sì jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní ṣúgà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ṣúgà tí wọ́n yọ́ lórí iná títí ó fi pọ́n. Ó ní ẹ̀yìn ìyẹn ni pákó tútù tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ìyá Onímú ń mi orí; ó rántí àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà tún gbé e sí imú.

"Ó tún ku ọ̀kan," ló wí. "Àpótí aṣọ ìyá wa. Ẹ ò mọ̀ wọ́n, wọ́n ti kú kí ẹ tó dé ilé wa. Bí wọ́n bá fẹ́ mú aṣọ tó dáa jáde, tí wọ́n bá ṣí ìdérí, atẹ́gùn kan máa ń kọ́kọ́ jáde kí á tó rí aṣọ kankan. Ó wà nínú ẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó wà níbẹ̀."

Gbogbo ọdún tí Ìyá Onímú fi ń gbé ọtí yẹn sí imú, kò gbọ́ àpótí kankan nínú rẹ̀ rí. Kò sì ní gbọ́ ọ láé. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ tún un sọ," ló wí. "Ti àpótí yẹn. Ẹ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀."